Wíwá Kókó Oníbodè: Bí A Ṣe Ń Mọ Ìpele Jẹjẹrẹ Ọmú Láì Kó Gbogbo Abíyá

Bí jẹjẹrẹ bá ń wá ọ̀nà jáde nínú ọmú, abíyá ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ gbà. Omi kan ń sun láti inú ẹran ọmú, àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé e lọ sínú àwọn kókó líńfù tí wọ́n fara sin sínú ọ̀rá abíyá. Kókó tí omi yìí bá kọ́kọ́ dé, yálà ẹyọ kan tàbí méjì mẹ́ta, ni a ó máa pè ní kókó oníbodè níhìn-ín. Sentinel node ni àwọn dókítà ń pè é. Iṣẹ́ oníbodè ni láti rí ẹni tó ń wọ̀lú. Bí a bá yọ ọ́, tí a yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, tí a kò sì bá jẹjẹrẹ nínú rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí jẹjẹrẹ wà nínú àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. A ó wá fi ìyókù abíyá sílẹ̀.

Kí ọgbọ́n yìí tó dé, kókó tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń kó kúrò lábíyá kí wọ́n tó lè sọ ibi tí àìsàn dé. Apá á wú, ejìká á gan, awọ abẹ́ apá á kú, kò ní mọ ìfọwọ́kàn mọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó jìyà yìí ni kò ní jẹjẹrẹ kankan lábíyá rárá. Ní 1993 ni David Krag àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi èròjà onítànṣán tọpasẹ̀ oníbodè ọmú. Ní 1994 ni Armando Giuliano fi aró ṣe é. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní NSABP B-32, tí obìnrin 5,611 wà nínú rẹ̀, rí oníbodè lára nǹkan bí 97 nínú 100. Nínú àwọn tí oníbodè wọn mọ́, àwọn tí wọ́n fi ìyókù abíyá sílẹ̀ fún kò kú ju àwọn tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún lọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí yẹn kan náà sọ ohun tí kò yẹ ká gbàgbé: nínú 100 obìnrin tí jẹjẹrẹ ti wọ abíyá wọn, nǹkan bí 10 ni oníbodè wọn sọ pé òun kò rí ẹnì kankan. Iye mẹ́wàá yẹn ni gbogbo ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí ń bá jà.

Ẹni tí iṣẹ́ náà yẹ fún

Aláìsàn tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ń gbógun ti ẹran ọmú, tí a kò sì fọwọ́ bá kókó líle kankan lábíyá rẹ̀, ni iṣẹ́ yìí wà fún. Ọwọ́ nìkan kò tó o. Ẹ kọ́kọ́ fi ultrasound wo abíyá. Kókó líńfù tó dára rí bí ẹ̀wà: èèpo rẹ̀ tínrín, ọ̀rá sì wà láàárín rẹ̀. Bí èèpo náà bá nípọn ju 3 mm lọ, tàbí tí ọ̀rá àárín ti pòórá, ẹ gún un ní abẹ́rẹ́ kí ẹ fi mú ẹran lọ sí láàbù kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá ti fi jẹjẹrẹ hàn lábíyá rẹ̀ kò nílò oníbodè láti jẹ́rìí mọ́. Ìlànà ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀.

Jẹjẹrẹ tó ń mú gbogbo ọmú pọ́n, tó sì ń wú u bí ẹni pé ó gbóná, kò yẹ fún un, nítorí jẹjẹrẹ ti dí àwọn iṣan tí ì bá gbé aró dé oníbodè. Ẹni tó lóyún lè gba èròjà onítànṣán níwọ̀n kékeré, àmọ́ ẹ má ṣe fún un ní aró. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ lábíyá rẹ̀ rí, a lè gbìyànjú. Rírí oníbodè rẹ̀ ló máa ń ṣòro díẹ̀, nítorí omi lè ti yí ọ̀nà padà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa jẹjẹrẹ tí kò tíì jáde kúrò nínú ọ̀pá wàrà. Irú èyí kì í sábà dé abíyá, nítorí náà a kì í wá oníbodè fún un bí kó bá ṣe pé gbogbo ọmú la fẹ́ gé. Ìdí ni pé bí a bá gé ọmú tán, tí láàbù wá padà sọ pé jẹjẹrẹ tó ti jáde wà nínú rẹ̀, kò sí ibi tí a ó gún aró sí mọ́. Àǹfààní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Fún kókó jẹjẹrẹ tí kò ju 2 cm lọ tí ultrasound abíyá sì mọ́, ìwádìí SOUND láti Ítálì, tó jáde ní 2023, fi hàn pé àwọn tí a kò yọ oníbodè wọn rárá kò burú ju àwọn tí a yọ tiwọn lọ. Kí ẹgbẹ́ olùtọ́jú jíròrò rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ, pàápàá bí èsì oníbodè kò bá ní yí oògùn tí wọ́n fẹ́ fún aláìsàn padà.

Ohun tí a ń fi tọpasẹ̀

Èkíní ni èròjà onítànṣán, technetium-99m tí a so mọ́ èérún kéékèèké. Bí èérún náà bá kéré jù, yóò gba inú oníbodè kọjá sí àwọn tó wà lẹ́yìn. Bí ó bá tóbi jù, yóò jókòó sínú ọmú. Èyí ló fà á tí wọ́n fi ń lo nanocolloid tí kò ju 100 nm lọ, tàbí kí wọ́n sẹ́ sulfur colloid kí wọ́n tó lò ó. Wákàtí mẹ́fà mẹ́fà ni agbára technetium ń dín sí ìdajì. Bí iṣẹ́ abẹ bá jẹ́ ọjọ́ kan náà, nǹkan bí 20 MBq tó (MBq ni ìwọ̀n agbára ìtànṣán). Bí a bá gún un lọ́sàn-án òní fún òwúrọ̀ ọ̀la, ẹ ronú síwájú: wákàtí 18 yóò dín 40 MBq kù sí 5 MBq péré, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 40 tàbí kí ẹ gbé e ga jù bẹ́ẹ̀. Omi tí a ó gún kò gbọ́dọ̀ pọ̀, 0.2 sí 0.5 mL ti tó.

Èkejì ni aró. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀, wọn kò sì jọra. Patent Blue V oní 2.5% jẹ́ 2 mL, isosulfan blue oní 1% jẹ́ 3 sí 5 mL. Àwọn méjì yìí ni ara àwọn kan máa ń kọ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀: awọ á wú sókè ní búlúù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì. Kí adirẹnálíìnì wà nítòsí, kí dókítà akunnilóorun sì mọ ìṣẹ́jú tí ẹ gún un gan-an. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé ẹ̀rọ orí ìka tó ń ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lè fi iye tó lọ sílẹ̀ hàn fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí kò sí ohun tó ṣe aláìsàn, torí pé aró wà lójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí yóò sáré tọ́jú àìsàn tí kò sí.

Methylene blue ni ẹ̀kẹta, owó rẹ̀ kò wọ́n tó ti àwọn yòókù, ara kì í sì í sábà kọ̀ ọ́. Ewu tirẹ̀ wà níbòmíràn. Bí ẹ bá gún un sínú awọ, awọ náà lè kú, kó jẹrà; inú ẹran abẹ́ awọ ni kó wọ̀, kí ẹ sì ti fi omi iyọ̀ là á. Bí aláìsàn bá ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn irú ti SSRI, méjèèjì lè para pọ̀ dá wàhálà sílẹ̀ nínú ọpọlọ, kí ara gbóná, kó máa gbọ̀n. Ẹni tí ara rẹ̀ kò ní G6PD tó, èròjà ara tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀, methylene blue lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí nígbà tí aláìsàn ṣì wà lórí ibùsùn rẹ̀, kì í ṣe nínú yàrá iṣẹ́ abẹ.

Indocyanine green máa ń tàn lábẹ́ kámẹ́rà pàtàkì, ó sì dára púpọ̀ níbi tí kámẹ́rà bá wà. Ayodíìnì wà nínú rẹ̀, ẹ yẹra fún un bí ara aláìsàn bá kọ ayodíìnì. Èérún irin tí ẹ̀rọ òòfà ń gbọ́ náà wà. A lè gún un ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣáájú, èyí ló wúlò fún ibi tí kò ní ilé ìtọ́jú onítànṣán, ṣùgbọ́n irin iṣẹ́ ń da ẹ̀rọ náà láàmú, ike ni kí ẹ fi ya ọgbẹ́ sọ́tọ̀. Ó tún máa ń ba àwòrán MRI ọmú jẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ó dára jù kí a lo oríṣi méjì pọ̀, onítànṣán àti aró. Etí gbọ́ èyí tí ojú kò rí, ojú sì rí èyí tí etí kò gbọ́.

Gígún

Ẹ lo síríǹjì kékeré alábẹ́rẹ́ tín-ín-rín, irú èyí tí a fi ń gún insulin. Etí àwọ̀ dúdú tó yí orí ọmú ká ni kí ẹ gún, ní ìhà tí kókó jẹjẹrẹ wà. Iṣan omi ọmú pọ̀ níbẹ̀ gan-an, oníbodè kan náà sì ni gbogbo ọmú sábà ń ní. Èyí tún gbà yín lọ́wọ́ wàhálà kan tí a ó padà sọ: bí kókó jẹjẹrẹ bá wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ abíyá, tí a sì gún èròjà yí i ká, ìtànṣán ibi tí a gún yóò bo ohùn oníbodè mọ́lẹ̀.

Èròjà onítànṣán lè wọ inú awọ gan-an. Bí ó bá wọ ibi tó yẹ, awọ yóò wú sókè bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Bí ẹ bá ti ń fa abẹ́rẹ́ yọ, ẹ fi òwú tẹ ojú rẹ̀. Ẹ̀kán kan ṣoṣo tó bá kán sí awọ abíyá yóò máa dún bí oníbodè, ẹ óò sì lè gé ibi tí kò sí nǹkan.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ àwòrán, ẹ ya á láàárín ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí 2 tàbí 3, kí ẹ fi bírò sàmì sí awọ níbi tó ti ń tàn. Ẹ na apá aláìsàn bí yóò ṣe wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ kí ẹ tó sàmì. Àmì tí a ṣe nígbà tí apá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yóò ti kúrò lójú ibẹ̀ nígbà tí a bá na apá.

Aró kì í dúró. Ẹ gún un lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti sùn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rin ọmú náà síhà abíyá fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ sì gé e láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10 lẹ́yìn ìyẹn. Bí ẹ bá fi falẹ̀, aró á kọjá lára oníbodè, á wọ àwọn tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn á wá búlúù.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ

Ẹ na apá sí ẹ̀gbẹ́, kó má kọjá igun 90. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, iṣan ìmọ̀lára tó gba ọrùn lọ sí apá lè fà, kí ọwọ́ aláìsàn sì kú nígbà tó bá jí.

Ọ̀pá gamma ni ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìtànṣán. Kí ẹ tó fi ìbòrí mímọ́ wọ̀ ọ́, ẹ gbé e sí nǹkan onítànṣán tí ẹ mọ iye rẹ̀ kí ẹ mọ̀ pé ó ń gbọ́, kí ẹ rí i pé ó wà lórí 140 keV, ìwọ̀n agbára ìtànṣán technetium. Ẹ fi etí wá ibi tó dún jù lábíyá kí ẹ tó gbé ọ̀bẹ. Kọjú ọ̀pá sí òdìkejì ọmú nígbà gbogbo, kí olùrànlọ́wọ́ fa ọmú kúrò síhà àárín àyà. Bí ariwo ibi tí a gún ṣì bá ń bo gbogbo rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ kókó jẹjẹrẹ ọmú náà kúrò, kí ẹ padà wá.

Gé awọ bí 3 cm, nísàlẹ̀ ibi tí irun abíyá parí sí, láàárín iṣan àyà àti iṣan ẹ̀yìn. Kó wà níbi tí a lè fẹ̀ ẹ́ gbòòrò sí bí ó bá di dandan láti kó gbogbo abíyá. Lẹ́yìn awọ àti ọ̀rá ni ẹ óò bá awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó bo inú abíyá. Ẹ là á. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sábà máa ń pẹ́ nínú ọ̀rá òkè awọ fẹ́lẹ́ yìí, tí á máa wá oníbodè níbi tí kì í gbé. Ìsàlẹ̀ awọ yìí ni àwọn kókó wà.

Láti ìhín lọ, ẹ rọra. Ẹ wá iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti búlúù, kí ẹ má gé e, kí ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ tẹ̀ lé e lọ sí inú abíyá, kí ẹ tún tẹ̀ lé e padà síhà ọmú, nítorí kókó kékeré kan lè wà lójú ọ̀nà tí ẹ ti fò kọjá, òun sì ni oníbodè gan-an. Oníbodè púpọ̀ jù lọ ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà, níbi tí iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí abẹ́ apá ti ré e kọjá. Ẹ dá iṣan ìmọ̀lára yẹn sí; òun ni a bá gé tí inú apá fi ń kú.

Ọ̀rá tó yí kókó náà ká ni kí ẹ fi irin dì mú. Bí ẹ bá fi irin fún kókó fúnra rẹ̀, tàbí tí iná àfigé sun etí rẹ̀, láàbù kò ní lè ka ohun tí ẹ gbé wá. Ẹ fi ìdè kékeré dí àwọn iṣan omi tí ẹ gé, kí omi má baà kún abíyá lẹ́yìn iṣẹ́.

Gbé kókó tí ẹ yọ jìnnà sí ara aláìsàn, kí ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kà á bẹ́ẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin tó wà níbẹ̀ ni pé èyíkéyìí tó bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó dún jù lọ gbọ́dọ̀ jáde. Bí èyí tó dún jù bá ka 4,000, gbogbo èyí tó bá ju 400 lọ jẹ́ oníbodè. Èyí tó búlúù jẹ́ oníbodè. Èyí tí iṣan búlúù wọ̀ jẹ́ oníbodè, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ búlúù. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ọ̀pá padà sínú ihò tó ṣófo, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn lọ.

Ìgbà yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń fẹ́ dí ọgbẹ́. Ẹ dúró. Ẹ ti ìka bọ inú abíyá, kí ẹ tọ́ ọ wò yíká. Kókó tí jẹjẹrẹ ti kún bámúbámú kì í gba aró, kì í gba ìtànṣán: ilé ti kún, omi kò ráyè wọlé, ó yà lọ sí ilé kejì. Kókó tó dún, tó búlúù, tó sì mọ́ lè jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ lásán. Èyíkéyìí tó bá le tàbí tó tóbi lábẹ́ ìka jẹ́ oníbodè, ohun yòówù kí ẹ̀rọ sọ. Ìka yìí ló ń mú iye àwọn tí a tàn jẹ wálẹ̀ láìná kọ́bọ̀.

Méjì sí mẹ́ta ni a sábà ń yọ. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ karùn-ún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé aró ti pẹ́ jù tàbí ìtànṣán ti ṣàn kọjá, àwọn tí ẹ ń yọ kì í ṣe oníbodè mọ́.

Bí a kò bá rí i

Ó ń ṣẹlẹ̀, pàápàá lára ẹni tó sanra, ẹni tó ti dàgbà tí ọ̀rá ti gba inú kókó rẹ̀, tàbí ẹni tí ọwọ́ abẹ ti kàn rí. Ẹ tún ọmú rin. Ẹ gún aró díẹ̀ sí i lábẹ́ orí ọmú, ẹ dúró. Fi ọ̀pá gbọ́ ẹ̀gbẹ́ egungun àárín àyà àti inú ẹran ọmú tí ẹ yọ, torí oníbodè lè wà nínú ọmú fúnra rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, ohun tí a bá aláìsàn sọ tẹ́lẹ̀ la ó ṣe, yálà kíkó kókó mélòó kan tó wà nísàlẹ̀ abíyá tàbí kíkó gbogbo rẹ̀. Kí èyí ti wà nínú ìwé ìfọwọ́sí rẹ̀. Kò bójú mu kí obìnrin jí kó bá ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

Ní láàbù

Kókó kọ̀ọ̀kan nínú ìgò tirẹ̀, pẹ̀lú nọ́ḿbà, iye tó kà àti bóyá ó búlúù. Ẹ sọ fún wọn bí aláìsàn bá ní táàtù lápá tàbí láyà: tàdáwà táàtù ń ṣàn wọ kókó abíyá, ó sì lè mú kó dúdú bí ẹni pé aró ló wà níbẹ̀.

Kí a gé kókó sí pẹlẹbẹ 2 mm, ní gígùn rẹ̀, kí a sì wo gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀n 2 mm yìí ní ìdí. Ìdì jẹjẹrẹ tó ju 2 mm lọ ni a ń kà sí ńlá, kò sì lè sá pamọ́ sáàárín pẹlẹbẹ tó jẹ́ 2 mm. Láàbù tó gé e sí méjì péré tó wo ẹyọ kan ti ba gbogbo làálàá yàrá iṣẹ́ abẹ jẹ́. Èyí tó ju 0.2 mm lọ tí kò ju 2 mm lọ ni kékeré. Èyí tí kò ju 0.2 mm lọ jẹ́ èérún sẹ́ẹ̀lì lásán, a sì ń kà abíyá bẹ́ẹ̀ sí mímọ́. Jẹjẹrẹ irú ti lobular, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmú ti ń ṣe wàrà, máa ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń jọ sẹ́ẹ̀lì kókó fúnra rẹ̀. Àwọ̀ cytokeratin, tí láàbù fi ń dá irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ mọ̀, ló ń tú u fó.

Àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀, tí a ń fi òtútù mú kókó dì kí a tó gé e, ń fojú fo ìdì kékeré, ó sì ń fi ẹran ṣòfò. Níwọ̀n bí èsì kò ti sábà yí ohun tí a ó ṣe lórí tábìlì padà mọ́, ọ̀pọ̀ ló ti fi í sílẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí èsì sọ

Oníbodè mọ́: ó parí lábíyá. Ìdì kékeré: a kì í kó abíyá fún un. Ìdì ńlá nínú oníbodè kan tàbí méjì: bí kókó ọmú kò bá ju 5 cm lọ, tí a dá ọmú sí, tí gbogbo ọmú náà yóò gba ìtọ́jú onítànṣán, tí aláìsàn kò sì gba kẹ́mò (oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) ṣáájú, ìwádìí ACOSOG Z0011 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, 86.3 nínú 100 wà láàyè láì kó abíyá wọn, 83.6 nínú àwọn tí a kó tiwọn. Fún àwọn tí Z0011 kò bá mu, irú bí ẹni tí a gé gbogbo ọmú rẹ̀, ìwádìí AMAROS fi hàn pé ìtànṣán sí abíyá dá àìsàn dúró dáadáa, apá wọn kò sì wú tó ti àwọn tí a fi ọ̀bẹ kó. Oníbodè mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ní ìdì ńlá ni ó ṣì sábà ń mú wa padà sí kíkó abíyá.

Ẹni tí jẹjẹrẹ ti wà lábíyá rẹ̀ kó tó gba kẹ́mò, tí kẹ́mò sì dà bí ẹni pé ó fọ̀ ọ́ mọ́, le jù. Ìwádìí ACOSOG Z1071 rí i pé oníbodè tan 12.6 nínú 100 irú wọn tí jẹjẹrẹ ṣì kù lábíyá wọn jẹ. Ohun mẹ́ta ló ń dín in kù: àpapọ̀ èròjà onítànṣán àti aró, oníbodè tí kò dín sí mẹ́ta, àti àmì irin kékeré tí a fi sínú kókó tó ní jẹjẹrẹ kí kẹ́mò tó bẹ̀rẹ̀, kí a lè yọ òun gan-an. Ẹ ya X-ray kókó náà kí ẹ tó dí ọgbẹ́. Bí àmì irin kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ kò tíì rí i.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ẹ sọ fún aláìsàn pé ìtọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí búlúù fún ọjọ́ kan tàbí méjì, àti pé àbàwọ́n aró lè wà lára ọmú fún oṣù díẹ̀. Kó máa gbé apá rẹ̀ láti ọjọ́ kejì, díẹ̀díẹ̀, títí ọwọ́ yóò fi lè kọjá orí. Omi tó bá kóra jọ sábíyá, bí kò bá fa ìrora, ara á fà á mu. Bí ó bá le bí bọ́ọ̀lù, ẹ fi abẹ́rẹ́ fà á. Kó padà wá kíá bí ibẹ̀ bá pọ́n tó gbóná, tí ara rẹ̀ sì gbóná. Apá ṣì lè wú: nínú ìwádìí ALMANAC, lẹ́yìn oṣù 12, 5 nínú 100 àwọn tí a yọ oníbodè nìkan fún ló sọ pé apá àwọn wú, 13 nínú àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ abíyá gẹ́gẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀ fún. Nítorí náà, ẹ wọn yíyíká apá méjèèjì kó tó kúrò nílé ìwòsàn, ní ibi tí ẹ lè wọ̀n padà lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pẹ̀lú iye oníbodè tí ẹ yọ àti ohun tí ẹ fi tọpasẹ̀ wọn.